Gbogbo Alángbá Ló Dakùn Délẹ̀

Ẹ fa àga sún mọ́ rédíò, torí a óò lo àga yẹn láìpẹ́. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ló wà nílẹ̀ lónìí.

Ta ló ti gun kẹ̀kẹ́ rí nínú yín lásìkò ọyẹ́, tí atẹ́gùn ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀ lójú? Kí lẹ ṣe? Ẹ ba mọ́lẹ̀ ni. Ẹ sọ orí kalẹ̀, ẹ ká ìgbọ̀nwọ́ mọ́ra, àyà yín fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ta ló kọ́ yín? Kò sẹ́nì kankan. Ọmọdé tó yá kẹ̀kẹ́ gùn ládùúgbò mọ̀ ọ́n ṣe. Ara ló mọ̀ pé atẹ́gùn kì í yà lọ́nà fún ẹni tó bá nàró ṣánṣán.

Eré ìje kan wà láyé tó sọ bíba mọ́lẹ̀ yẹn di iṣẹ́ ńlá. Triathlon ni wọ́n ń pè é. Eré mẹ́ta ni wọ́n pa pọ̀ sójú kan: ìwẹ̀ odò, kẹ̀kẹ́, eré ẹsẹ̀. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn ni Ironman, tó bẹ̀rẹ̀ ní Hawaii lọ́dún 1978. Ọkùnrin 15 ló bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn 12 ló parí rẹ̀. Bí ènìyàn bá jáde nínú omi, kìlómítà 180 ló ń dúró dè é lórí kẹ̀kẹ́. Ẹ fojú inú wò ó: ó tó láti Èkó dé Ìbàdàn, kéèyàn tún máa bá a lọ sọ́nà Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò wá sọ̀ kalẹ̀, tí yóò sì sáré kìlómítà 42.

Lórí kẹ̀kẹ́ yẹn, dídọ̀bálẹ̀ ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀. Apá méjèèjì á sùn sórí tìmùtìmù kékeré, ọwọ́ á na síwájú, àyà á wálẹ̀, ẹ̀yìn á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọmọ Yorùbá mọ ìdọ̀bálẹ̀, kò ṣàjèjì sí wa. Ṣùgbọ́n nílé, ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, àgbà á ní kó dìde. Atẹ́gùn kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó dìde. Wákàtí 4 ni àwọn ògbóǹtarìgì ń lò lórí ìdọ̀bálẹ̀ yìí, nígbà mìíràn ó máa ń lé díẹ̀. Àwọn yòókù ń lo 6, wọ́n ń lo 7.

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tó bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbi eré yìí, gbogbo wọn ni yóò rí tí wọ́n ń dakùn délẹ̀ kọjá. Wọ́n á wù ú. Wọ́n á jọ ọfà. Ṣùgbọ́n ta ni inú ń run nínú wọn? Ta ni ọrùn rẹ̀ ti gan? Ta ni èjìká ń ro? Ta ni pajápajá ti mú lábẹ́, tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni?

Kókó ọ̀rọ̀ wa nìyí, a ó sì máa padà sórí rẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ tí ara kò lè gbà pẹ́, kò lè mú ẹnikẹ́ni yára. Bó ti wù kó wálẹ̀ tó. Bó ti wù kó dára tó nínú fọ́tò. Bí ẹni tó wà lórí rẹ̀ bá ń nàró ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè sinmi, atẹ́gùn ti gba èrè rẹ̀ padà.

Kí ló dé tí wọn kò kúkú jókòó nàró? Ìdí ni pé lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, tí kẹ̀kẹ́ bá ti ń sáré dáadáa, atẹ́gùn ni ọ̀tá tó tóbi jù. Ara ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ló sì ń kọ lù jù, kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Àyà wa ni ògiri. Nínú Ironman, òfin kò sì gbà kí ẹnì kan rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹlòmíràn kó fi í ṣe ààbò. Olúkúlùkù ló ń dá atẹ́gùn tirẹ̀ là.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilẹ̀ Faransé díẹ̀. Ọjọ́ 23 oṣù Keje, ọdún 1989. Ọjọ́ ìkẹyìn Tour de France ni. Laurent Fignon, ọmọ onílẹ̀, tó ti gba ife náà lẹ́ẹ̀mejì rí, ló wà níwájú. Ìṣẹ́jú àáyá 50 ló fi wà níwájú Greg LeMond, ọmọ Amẹ́ríkà. LeMond yìí kan náà ni ìbọn ọdẹ ṣèèṣì bà lọ́dún 1987, tí ọta kéékèèké fọ́n sí lára. Ó ku nǹkan bíi kìlómítà 24, láti Versailles wọ àárín ìlú Paris. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọn yóò gbéra, olúkúlùkù òun àti aago.

LeMond ti so ọ̀pá kan tó yọ síwájú mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó gbé apá lé e, ó kó ọwọ́ méjèèjì jọ síwájú, ó dé akoto tó ní ìrù lẹ́yìn. Fignon di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú bí wọ́n ti ń dì í mú tẹ́lẹ̀. Kò dé nǹkan kan. Irun rẹ̀ tó dì sẹ́yìn ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú atẹ́gùn. Nígbà tó fi máa dé òpin, LeMond ti fi ìṣẹ́jú àáyá 58 sáré jù ú lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ yọ 50 kúrò nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 8 ló fi gba ife. Látọjọ́ náà títí dòní, kò tíì sí Tour mìíràn tí àlàfo rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ayé ló ń sọ̀rọ̀ ọ̀pá yẹn. Ṣùgbọ́n ìdajì kan wà nínú ìtàn náà tí wọn kì í sábà sọ. Egbò wà lára Fignon níbi tí ó fi ń jókòó. Ìjókòó kẹ̀kẹ́ ló dá a sí i lára. Kì í jẹ́ kó sùn lóru. Ọkùnrin tó fẹ́ fi gbogbo agbára rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ wọ Paris, kò lè jókòó láìjẹ̀rora. Ṣé ẹ rí i? Lọ́jọ́ tí gbogbo ayé rí i pé ìdọ̀bálẹ̀ dára, ọjọ́ náà gan-an ni egbò kékeré kan ń sọ ohun tí ìnira ń ṣe fún eléré.

Ọ̀pá yìí kì í ṣe ohun tuntun lọ́jọ́ náà. Àwọn eléré triathlon ti ń lò ó ṣáájú LeMond. Boone Lennon ló ṣe irú rẹ̀ tó wá gbilẹ̀. Olùkọ́ àwọn tó ń fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yìnyín ni. Àwọn yẹn ti mọ bí èèyàn ṣe ń kó apá jọ síwájú àyà kí atẹ́gùn lè yọ̀ kọjá lára rẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn náà, lọ́dún 1986, Pete Penseyres ti gbé apá lé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nígbà tó gun kẹ̀kẹ́ la Amẹ́ríkà já, láti etíkun kan dé èkejì. Ó lé ní ọjọ́ 8 tó fi wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ tọ̀sán-tòru fún ọ̀sẹ̀ kan ó lé, ṣé yóò fara mọ́ ohun tó ń ni í lára? Ibi tí apá ń sinmi sí ni ọ̀pá yẹn. Àwọn tó sọ ọ́ di àgbélébùú fún ara wọn ló ṣì í lò.

Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ mọ́ wa, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń dọ̀bálẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ triathlon là ń sọ, a sì ń sọ pé ìdẹ̀ra ló ń mú wọn yára.

Ẹ wá padà sórí àga yín wàyí. Ẹ̀yin tó ń wakọ̀, ẹ máa wo ọ̀nà ní tiyín o. Ẹ jókòó kanlẹ̀, kí ẹ̀yìn kan àga. Ẹ tẹ̀ síwájú títí àyà yóò fi fẹ́ kan itan. Ẹ mí kanlẹ̀. Ṣé èémí náà wọlé? Ẹ gbé orúnkún kan sókè. Ṣé ó gbéra? Kò lọ, àbí? Ikùn ti há mọ́ itan. Bí ti ẹni tó so ọ̀pá mọ́ kẹ̀kẹ́ lásán, tí kò tún nǹkan mìíràn tò, ṣe ń rí nìyẹn.

Ó yá, ẹ sún ìdí wá sí etí àga. Ẹ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn kí orúnkún lọ sílẹ̀. Ẹ tẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó yàtọ̀, kò yàtọ̀? Àyè ti wà láàárín itan àti ikùn. Ohun tí Dan Empfield rí nìyẹn. Òun ló dá ilé iṣẹ́ Quintana Roo sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, òun ló sì gbé kẹ̀kẹ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún triathlon jáde lọ́dún 1989. Ó ti ìjókòó kẹ̀kẹ́ síwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yí pẹ́dà gan-an. Ara ẹni tó gùn ún yí síwájú látòkè délẹ̀, kò ká jọ láàárín. Ẹ̀yìn tẹ́, ìbàdí ṣì ṣí sílẹ̀, èémí ń wọlé. Bí ìbàdí bá ṣì há, àwọn kan máa ń fi apá pẹ́dà kúkúrú rọ́pò èyí tó gùn, kí orúnkún má baà gòkè púpọ̀ tó bá yí dé òkè. Ìyàtọ̀ náà kò ju ìwọ̀n èékánná kan lọ, ikùn sì máa ń mọ̀ ọ́n lára.

Apá ńkọ́? Ẹ rántí ìyá tó ń lọ ata lórí ọlọ. Ṣé apá rẹ̀ máa ń nà tantan lọ síwájú? Rárá. Yóò sún mọ́ ọlọ ni, èjìká rẹ̀ yóò wà lókè ọwọ́ rẹ̀, ìwúwo ara yóò gba inú egungun sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn ló fi lè lọ ata gbogbo ilé láìwí pé apá ń ro òun. Bí tìmùtìmù bá jìnnà jù níwájú, èjìká ni yóò máa gbé ara rù, yóò sì gan láàárín wákàtí kan. Bó bá sún mọ́ra jù, orúnkún á máa lu ìgbọ̀nwọ́. Bó bá sì wálẹ̀ jù, ẹni náà á máa fa èjìká sókè mọ́ etí bí ẹni tí òtútù ń mú.

Ọ̀pọ̀ gbà pé bí tìmùtìmù bá ti wálẹ̀ tó ni eré yóò ti yá tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ti lọ jókòó sínú yàrá ìdánwò, níbi tí fáànù ńlá ti ń fẹ́ atẹ́gùn lu ènìyàn lórí kẹ̀kẹ́, ti rí i pé ẹni tó gbé tìmùtìmù sókè díẹ̀ lè rí àyè fi orí pamọ́ sáàárín èjìká, kí atẹ́gùn sì túbọ̀ fò ó dá. Abájọ tí ọ̀pọ̀ ògbóǹtarìgì òde òní fi gbé ọwọ́ sókè síwájú ojú wọn. Ó rọrùn fún èjìká, ó sì tún yára. A fẹ́ kí àwọn tó ń gbé gbogbo nǹkan wálẹ̀ nítorí fọ́tò gbọ́ èyí dáadáa.

Ó wá ku ibi tí ojú ń ti ènìyàn láti sọ. A ó sọ ọ́, torí ìtìjú yìí ń ṣe ìpalára. Bí ènìyàn bá jókòó lásán, egungun ìdí méjì ló ń gbé e ró. Bó bá dọ̀bálẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ìbàdí á yí síwájú, ìwúwo á kúrò lórí egungun, á sì bọ́ sórí ẹran rírọ̀ níbi kọ́lọ́fín ara, níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ń gbà kọjá. Láìpẹ́ abẹ́ á kú bí ẹsẹ̀ tí èèyàn ká jókòó lé. Tọkùnrin tobìnrin ló ń bá. Wọ́n á dákẹ́. Wọ́n á ní bí eré ṣe rí nìyẹn.

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, NIOSH, àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́, gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò lára àwọn ọlọ́pàá tó ń fi kẹ̀kẹ́ ṣọ́ ìlú. Wọ́n fún wọn ní ìjókòó tí kò ní imú gígùn, wọ́n ní kí wọ́n lò ó fún oṣù 6. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2008, púpọ̀ nínú àwọn tí abẹ́ wọn ń kú tẹ́lẹ̀ ni kò rí irú rẹ̀ mọ́. Nítorí irú ìnira yìí ni ìjókòó kẹ̀kẹ́ triathlon fi yàtọ̀ lónìí. Imú ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrú, ó là sí méjì bíi pátákò ewúrẹ́, kí àárín lè ṣófo, kí egungun iwájú ìbàdí lè gbé ara ró. Bí pajápajá bá ń mú ọ lábẹ́ ní gbogbo ìgbà tí o bá gun kẹ̀kẹ́, ìwọ tí ò ń gbọ́ wa, má fara dà á mọ́. Pààrọ̀ ìjókòó yẹn. Bí kò bá lọ, jẹ́ kí dókítà gbọ́.

Ọmọ ìka kò dọ́gba, ara wa náà kò dọ́gba. Kò sí ẹni tí ìtàn rẹ̀ fi èyí hàn tó ti Graeme Obree, ọmọ Scotland. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì fi bẹ́ríǹgì inú ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe ibi tí pẹ́dà ti ń yí. Lórí kẹ̀kẹ́ náà, ó ká apá mọ́ abẹ́ àyà bí adìyẹ ṣe ń ká ìyẹ́. Ní oṣù Keje ọdún 1993, ó lọ sí Hamar ní Norway láti mọ iye kìlómítà tí òun lè gùn ní wákàtí kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò ṣeé ṣe. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀, ó padà sórí kẹ̀kẹ́, ó gun kìlómítà 51.596, ó sì gba ipò ẹni tó gùn jìnnà jù lọ ní wákàtí kan lọ́wọ́ Francesco Moser, tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti 1984. Àwọn aláṣẹ eré kẹ̀kẹ́ fòfin de ìjókòó yẹn ní 1994. Ó tún gbé òmíràn dé, apá nà gbọọrọ síwájú. Wọ́n fòfin de ìyẹn náà. Ara rẹ̀ ni Obree kọ́kọ́ bi léèrè, kó tó kan irin. Ọ̀pọ̀ ló ń ra irin ní tiwọn, tí wọ́n wá ń bẹ ara pé kó gbà.

Ọ̀rọ̀ ọrùn tún wà. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tó ń sáré gbọ́dọ̀ máa rí iwájú. Bí àyà bá wálẹ̀ jù, ọrùn kò ní lè gbé orí sókè pẹ́, ojú á wálẹ̀ sórí táyà, kòtò á sì máa dúró níwájú. A kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ibi tí ẹ bá ti lè máa wo ọ̀nà láìfún ọrùn pọ̀ ni ibi tí àyà gbọ́dọ̀ dúró sí, kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀.

Eré ẹsẹ̀ sì ń bọ̀ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Ẹni tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ̀yìn tó gan lórí kẹ̀kẹ́, ikùn tó há tí kò lè da oúnjẹ, wọ́n máa ń dúró de alára níbi tó ti máa sọ̀ kalẹ̀ sáré.

Báwo ni ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ yìí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀? Kó gbé e sórí irin tó ń mú un dúró lójú kan nínú ilé. Kó gùn ún fún ìṣẹ́jú 20, apá lórí tìmùtìmù, kó má nàró. Kí ẹnì kan fi fóònù ya fídíò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ara á sọ̀rọ̀. Bó bá ń yọ̀ sí iwájú ìjókòó, tó ń ti ara rẹ̀ padà sẹ́yìn, tó tún ń yọ̀, ìjókòó ló fẹ́ lọ síwájú. Bí èjìká bá ń bá etí sọ̀rọ̀, kó gbé tìmùtìmù sókè. Bí abẹ́ bá ń kú, kó tẹ imú ìjókòó wálẹ̀ díẹ̀ bíńtín kó tó ronú àtira òmíràn. Ohun kan lẹ́ẹ̀kan ni kó yí. Kó kọ ọ́ sílẹ̀. Kó gùn ún fún ọjọ́ mélòó kan kó tó yí òmíràn, torí bí ojú bá farabalẹ̀, á rí imú. Bí apá bá ti gbà á nínú ilé ni kó tó gbé e jáde, sójú ọ̀nà tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí. Ọ̀nà tó bá kún fún ọkọ̀ kò gba ìdọ̀bálẹ̀, ibi tí bíréèkì wà ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà.

Àkókò wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ìlà fóònù wa ti ṣí sílẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin tó ń gun kẹ̀kẹ́, tí ẹ ti ń dakùn délẹ̀ láìwí fún ẹnikẹ́ni, ẹ pè wá. Ẹ sọ ibi tó ń dùn yín gan-an fún wa, ẹ sì sọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ máa ń lò kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, ká jọ máa bọ̀ nísàlẹ̀.